Kí A Tó Fi Ẹ̀mí Aláìsàn Lé Wọn Lọ́wọ́

Nínú gbogbo ìgbẹ́kẹ̀lé tí ọmọ ènìyàn ń ní sí ọmọnìkejì rẹ̀, kò sí èyí tí ó jinlẹ̀ tó ti aláìsàn sí ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀. Ẹni tí ó bá kó owó lọ sí báńkì yóò gba ìwé ẹ̀rí bọ̀. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ ra ilẹ̀ yóò mú ẹlẹ́rìí dání. Ṣùgbọ́n aláìsàn tí a gbé wọ yàrá iṣẹ́ abẹ kò ní ẹlẹ́rìí kankan tí yóò dúró tì í nígbà tí ojú rẹ̀ bá ti pa dé. Ó kàn na apá rẹ̀ fún abẹ́rẹ́ ni. Ó gbàgbọ́ pé ohun tí wọ́n ní ó wà nínú abẹ́rẹ́ náà ni ó wà níbẹ̀ ní tòótọ́, ó sì gbàgbọ́ pé ọpọlọ ẹni tí ó mú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ pé ṣáṣá.

Nítorí ìdí èyí ni ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò oògùn olóró fún àwọn tí ń wá iṣẹ́ sí ilé ìwòsàn fi kan gbogbo wa, àti olówó àti tálákà, nítorí kò sí ẹni tí àìsàn kò lè dá dùbúlẹ̀. Láti ọdún 2021 tí Ọ̀gágun Buba Marwa ti gba ipò alága Àjọ tí ń gbógun ti oògùn olóró, èyí tí a mọ̀ sí NDLEA, ni àjọ náà ti ń rọ àwọn ìjọba, àwọn ilé ẹ̀kọ́ àti àwọn agbanisíṣẹ́ pé kí wọ́n máa ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀. Àwọn kan yìn ín. Àwọn mìíràn ní ìwọ̀sí gbáà ni fún ẹni tí ó kàwé gboyè. Èrò ti wa ni pé àyẹ̀wò náà tọ́, ó sì yẹ fún gbogbo ẹni tí yóò bá fi ọwọ́ kan aláìsàn tàbí oògùn aláìsàn. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣe é láìsí ìlànà, yóò ṣe aláìṣẹ̀ léṣe, yóò sì jẹ́ kí ẹlẹ́ṣẹ̀ yọ́ wọlé. Àlàyé wa nìyí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí ọ̀ràn náà ti rí nílẹ̀ wa. Ìwádìí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń ṣe ètò ìṣirò jọ ṣe, tí wọ́n sì gbé jáde ní ọdún 2019, fi hàn pé àwọn ènìyàn bí 14.3 mílíọ̀nù ní Nàìjíríà, láàárín ẹni ọdún 15 sí 64, ni ó ti lo oògùn olóró tàbí tí ó ṣi oògùn òyìnbó lò láàárín ọdún kan ṣoṣo. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, 14.4 ni ó jẹ́. Ọtí àti tábà kò sí nínú ìṣirò náà rárá. Bí ó bá sì ṣe pé a rò pé ọ̀ràn apá ibòmíràn ni, ìwádìí kan náà sọ pé ní Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù, ilẹ̀ àwa ọmọ Oòduà, ó tó 22.4 nínú ọgọ́rùn-ún, àti pé ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ó tó 33. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2018, ó di dandan fún ìjọba àpapọ̀ láti fi òfin de kíkó oògùn ikọ́ tí ó ní kodíìnì nínú wọ ilẹ̀ yìí àti ṣíṣe é níbí, nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ ti sọ oògùn ikọ́ di ohun tí wọ́n fi ń ṣe fàájì.

Àwọn nọ́ọ̀sì wa, àwọn dókítà wa, àwọn apòògùn wa àti àwọn tí ń gbé aláìsàn láti yàrá kan dé èkejì, inú ilé wọ̀nyí kan náà ni a ti bí wọn, àdúgbò wọ̀nyí kan náà ni wọ́n sì ti dàgbà. Kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi lè rò pé ìyọnu tí ó wọ ilé gbogbo ènìyàn yóò fo ilé tiwọn dá. Ohun mìíràn tún wà tí ó mú kí ewu tiwọn ju ti àwa yòókù lọ. Alágbẹ̀dẹ àti olùkọ́ kò ní kọ́kọ́rọ́ àpótí tí a kó mọ́fíìnì àti pentazocine sí lọ́wọ́. Òṣìṣẹ́ ìwòsàn ni ó ní in. Òun ni ó ń ṣiṣẹ́ mọ́jú, tí ẹ̀yìn ń dùn ún, tí ó ń rí ikú lójoojúmọ́, tí ó sì mọ ìwọ̀n oògùn tí yóò mú ìrora kúrò láìpa ènìyàn. Ìmọ̀ tí ó yẹ kí ó jẹ́ ààbò fún un ni ó ń di ẹ̀tàn, nítorí ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun mọ ibi tí òun yóò dúró. Ìgbà tí ó bá fi máa mọ̀ pé òun kò lè dúró mọ́, ó ti di bárakú.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé aláìníláárí nìkan ni ó ń bọ́ sínú ọ̀fìn yìí. William Halsted jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn oníṣẹ́ abẹ tí òkìkí wọn kàn jù lọ ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1884, wọ́n ṣe àwárí rẹ̀ ní ìlú Vienna pé kokéènì lè mú kí ibi tí a fẹ́ gé kú tipiri tí aláìsàn kò fi ní mọ ìrora. Halsted àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York fi ara wọn dán an wò, ó sì mú un lẹ́rú. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú. Nígbà tí ó sì bọ́ lọ́wọ́ kokéènì, ọwọ́ mọ́fíìnì ni ó bọ́ sí. Síbẹ̀ ó di ọ̀jọ̀gbọ́n iṣẹ́ abẹ ní ọsibítù Johns Hopkins ní Baltimore, òun ni ó sì mú kí ìbọ̀wọ́ rọ́bà di ohun tí a ń lò nínú yàrá iṣẹ́ abẹ. Ó kú ní ọdún 1922. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, William Osler, kọ ohun tí ó mọ̀ nípa mọ́fíìnì náà sílẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, ṣùgbọ́n ọdún 1969 ni ayé tó rí i kà. Ẹ kíyè sí i dáradára: àwọn tí ó mọ̀ dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ó tún ṣe ìpalára ńlá ní nǹkan bí ọgọ́rin ọdún ó lé lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní ìlú mìíràn ní orílẹ̀-èdè kan náà.

Ní ọdún 2012, ní ọsibítù kan ní ìlú Exeter, ní Ìpínlẹ̀ New Hampshire, àwọn dókítà ṣàkíyèsí pé àwọn aláìsàn tí wọ́n ti gba ìtọ́jú ọkàn níbẹ̀ ń ní àrùn ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní hepatitis C. Wọ́n wádìí títí, wọ́n fi rí ìdí rẹ̀. Ọkùnrin kan tí ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ nínú yàrá ìtọ́jú ọkàn ni ó ń jí abẹ́rẹ́ fentanyl, oògùn ìrora tí ó lágbára púpọ̀. Ó ń gún un fún ara rẹ̀, ó ń fi omi iyọ̀ rọ́pò rẹ̀ nínú abẹ́rẹ́ náà, ó sì ń dá a padà sí ibi tí ó ti mú un. Òun fúnra rẹ̀ ní àrùn náà lára. Báyìí ni aláìsàn ń gba omi iyọ̀ dípò oògùn ìrora, tí ó sì ń gba àrùn lé e lórí. Ẹni a ní kí ó kín ni lẹ́yìn, ó fi ẹ̀gún sí ọwọ́. Ẹni a ní kí ó fẹ́ ni lójú, ó fi ata sí ẹnu.

Àwọn tí ó kó àrùn náà lọ́wọ́ rẹ̀ kò dín ní 45, ní ìpínlẹ̀ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2013, ilé ẹjọ́ rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 39. Ṣùgbọ́n ohun tí ó yẹ kí ó dun ènìyàn jù lọ nìyí: kì í ṣe Exeter ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti ṣiṣẹ́ káàkiri ọ̀pọ̀ ọsibítù ní ìpínlẹ̀ púpọ̀, àwọn kan sì ti lé e lẹ́nu iṣẹ́ nítorí oògùn. Ní ọdún 2010, ní Ìpínlẹ̀ Arizona, wọ́n bá a ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọsibítù tí kò mọ ibi tí ó wà mọ́, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ nítòsí rẹ̀. Wọ́n lé e. Kò pẹ́ rárá lẹ́yìn náà tí ó fi gba iṣẹ́ ní ọsibítù mìíràn ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Ẹni tí ó lé e kò kígbe tó. Ẹni tí ó gbà á kò béèrè tó.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ìtàn yìí kọ́ wa. Èkínní ni pé ọ̀rọ̀ oògùn olóró nínú ilé ìwòsàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwà ẹnìkan lásán; aláìsàn tí kò mọwọ́ tí kò mọ ẹsẹ̀ ni ó ń jẹ ìyà rẹ̀. Èkejì ni pé àyẹ̀wò ẹnu ọ̀nà nìkan kò tó. A gbọ́dọ̀ mú ẹ̀kọ́ méjèèjì pọ̀, nítorí ẹni tí ó bá mú èkínní nìkan yóò sáré ra ike àyẹ̀wò, yóò sì rò pé iṣẹ́ ti parí. Ẹni tí ó bá sì mú èkejì nìkan yóò ní kí a má ṣe nǹkan kan.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ tẹnu àwọn tí ó lòdì sí i, nítorí agbẹjọ́ẹnìkandá àgbà òṣìkà. Wọ́n ní ìwọ̀sí ni láti sọ fún nọ́ọ̀sì tí ó ti ka ìwé fún ọdún púpọ̀, tí ó sì ti búra, pé kí ó tọ̀ sínú ike. Àwa kò fojú kéré ìtìjú. Ṣùgbọ́n awakọ̀ òfuurufú pẹ̀lú kàwé, ó sì ní iyì. Ní Amẹ́ríkà, òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 1991 sọ ọ́ di dandan pé kí a yẹ ìtọ̀ àwọn awakọ̀ òfuurufú, awakọ̀ ojú irin àti awakọ̀ akẹ́rù ńlá wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò sí ẹni tí ó sọ pé ìyẹn ba iyì awakọ̀ òfuurufú jẹ́; ọkàn èrò ni ó fi balẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọsibítù ní orílẹ̀-èdè náà ń ṣe bákan náà fún àwọn tí wọ́n fẹ́ gbà síṣẹ́. Bí àyẹ̀wò bá kan gbogbo ènìyàn láìyọ ẹnìkan sílẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè pè é ní ìfinisùn. Ìgbà tí a bá ń ṣe é fún nọ́ọ̀sì tí a sì ń fo ọ̀gá dókítà dá ni ó di ìwọ̀sí.

Wọ́n tún mẹ́nu ba ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ California ní oṣù kọkànlá ọdún 2014. Wọ́n gbé àbá kan síwájú àwọn olùdìbò níbẹ̀ pé kí a máa yẹ àwọn dókítà wò fún oògùn olóró àti ọtí láìsọ tẹ́lẹ̀. Nínú olùdìbò mẹ́ta, bí méjì ni ó kọ̀ ọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ ìyókù rẹ̀ pẹ̀lú. Inú àbá kan náà ni wọ́n ti fẹ́ sọ owó gbà-má-bínú tí dókítà tí ó ṣàṣìṣe lè san di ìlọ́po ju mẹ́rin lọ, láti orí 250,000 dọ́là tí òfin ọdún 1975 fi í sí. Ohun méjì tí kò bára tan ni wọ́n dì sínú ẹrù kan, ẹrù náà sì wúwo ju ohun tí àwọn ènìyàn fẹ́ rù lọ. Kí àwọn aṣòfin tiwa fi èyí kọ́gbọ́n. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe òfin àyẹ̀wò, kí wọ́n ṣe òfin àyẹ̀wò. Kí wọ́n má ṣe kó owó orí, ìdásílẹ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti ìjà àtijọ́ mọ́ ọn.

Àtakò kẹta ni ó wúwo jù lọ lójú wa, èyíinì ni pé àyẹ̀wò lè ṣèké. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ìpele méjì ni àyẹ̀wò ìtọ̀ pín sí. Èkínní ni ike kékeré tí a ń fi bọ inú ìtọ̀ tí ó sì ń fi ìlà hàn lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó yá, kò sì wọ́n, ṣùgbọ́n ó lè ka oògùn tí kò léwu sí oògùn olóró. Èkejì ni ti ẹ̀rọ ńlá nínú yàrá ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, tí ń ya ohun tí ó wà nínú ìtọ̀ sọ́tọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ó sì ń dárúkọ wọn. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tí ó jẹ búrẹ́dì tí a wọ́n hóró poppy sí lórí lè ní mọ́fíìnì nínú ìtọ̀ rẹ̀, nítorí inú irú igi kan náà ni mọ́fíìnì ti ń jáde. Èyí yọ àwọn ènìyàn lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba ibẹ̀ fi gbé ìwọ̀n tí a lè kà sí ẹ̀rí ga ní ọdún 1998, láti 300 sí 2,000 nanogram nínú milliliter ìtọ̀ kan. Bí àwọn tí ó ti ń ṣe é tipẹ́ bá ń ṣàtúnṣe, àwa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ike kan ṣoṣo lé ọmọ ọlọ́mọ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Nílẹ̀ wa níbí, ọ̀nà mìíràn wà tí aláìṣẹ̀ lè gbà kó sí wàhálà. Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde pọ̀ láàárín wa. Ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó ní in lè jẹ́ nọ́ọ̀sì tí ó já fáfá, kí dókítà sì ti fún un ní oògùn ìrora tí ó lágbára nígbà tí egungun ń dùn ún ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. Bí a kò bá bi í léèrè, tí a kàn wo ìlà tí ike fi hàn, a ó pè é ní ajoògùnyó, a ó sì ba ayé ẹni tí ó ti fi àìsàn jà kí ó tó di ènìyàn jẹ́.

Bí àyẹ̀wò ti lè dá aláìṣẹ̀ lẹ́bi, bẹ́ẹ̀ náà ni ó lè dá ẹlẹ́bi láre. Kokéènì kì í sábà pẹ́ nínú ìtọ̀ ju ọjọ́ méjì sí mẹ́rin lọ, ṣùgbọ́n igbó lè wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lára ẹni tí ń mu ún lójoojúmọ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá mọ ọjọ́ àyẹ̀wò tẹ́lẹ̀ lè gbàwẹ̀ oògùn fún ọ̀sẹ̀ kan kí ó sì yege. Bẹ́ẹ̀ ni ike tí a ṣe fún mọ́fíìnì àti kodíìnì kì í rí fentanyl, kì í sì í rí tramadol, nítorí ẹ̀dà wọn yàtọ̀. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, oṣù keje ọdún 2025 ni fentanyl tó wọ inú àwọn oògùn tí ìjọba àpapọ̀ ń yẹ òṣìṣẹ́ rẹ̀ wò fún. Bí a bá lọ ra ike tí ń wá ohun tí àwọn ará ìlú òkèèrè ń mu, tí a kò sì wá tramadol àti pentazocine tí ó wà nínú ilé oògùn wa, a jẹ́ pé a ti ilẹ̀kùn iwájú, a sì ṣí ti ẹ̀yìn sílẹ̀.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, kí ni a ní kí ìjọba àti àwọn onílé ìwòsàn ṣe?

Èkínní, kí òfin wà lákọsílẹ̀, kí ó sì kan gbogbo ẹni tí yóò bá gba iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn, láti orí ọ̀gá dókítà títí dé orí ẹni tí ń nu ilẹ̀ yàrá iṣẹ́ abẹ. Ọmọ ẹni ọlá àti ọmọ mẹ̀kúnnù, inú ike kan náà ni kí wọ́n tọ̀ sí.

Èkejì, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pàdánù iṣẹ́ nítorí àyẹ̀wò ìpele kìn-ín-ní. Kí a pín ìtọ̀ náà sí ìgò méjì níṣojú ẹni tí ó ni ín, kí a di ìkejì pamọ́, kí ẹ̀rọ ńlá sì fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀. Kí dókítà tí ó mọ iṣẹ́ náà sì bi ẹni náà léèrè oògùn tí ó ń lò kí a tó kọ nǹkan kan sílẹ̀ nípa rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí ó jẹ́ àṣírí. Òfin Ìlera ti ọdún 2014 ti pa á láṣẹ pé ọ̀rọ̀ aláìsàn jẹ́ ohun ìpamọ́, Òfin Ààbò Àkọsílẹ̀ Ara Ẹni ti ọdún 2023 sì ka ọ̀rọ̀ ìlera sí ohun tí a gbọ́dọ̀ ṣọ́ lọ́nà àkànṣe. Àbájáde àyẹ̀wò kì í ṣe ohun tí a ń lẹ̀ mọ́ ara ògiri, kì í sì í ṣe ohun tí akọ̀wé yóò máa sọ lábẹ́ igi. Kò sì gbọdọ̀ ti ọwọ́ agbanisíṣẹ́ bọ́ sí ọwọ́ ọlọ́pàá. Òfin tí ó dá NDLEA sílẹ̀ ní ọdún 1989 fi ẹ̀wọ̀n de lílo oògùn olóró. Bí a bá sọ àyẹ̀wò ìgbanisíṣẹ́ di ẹ̀rí ilé ẹjọ́, kò sí ẹni tí bárakú ń dà láàmú tí yóò jáde wá fún ìwòsàn láé.

Ẹ̀kẹrin, kí agbanisíṣẹ́ san owó rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń wá iṣẹ́ ni ó ti jókòó sílé láti ìgbà tí wọ́n ti jáde ilé ẹ̀kọ́. Ẹni tí kò ì gba owó oṣù kan rí ni a kò gbọdọ̀ ní kí ó wá owó àyẹ̀wò. Bí a bá fi owó àyẹ̀wò sí ọrùn wọn, kò ní pẹ́ tí àwọn kan yóò fi máa ta ìwé àyẹ̀wò fún ẹni tí kò ṣe àyẹ̀wò rárá.

Ẹ̀karùn-ún, kí a máa béèrè ibi tí ènìyàn ti ń bọ̀. Kí agbanisíṣẹ́ titun kọ̀wé sí ti àtijọ́, kí ti àtijọ́ sì dáhùn ní òótọ́. Àwọn ìgbìmọ̀ tí ń fún dókítà, nọ́ọ̀sì àti apòògùn ní ìwé àṣẹ wà nílẹ̀. Kí ẹjọ́ oògùn jíjí dé ọ̀dọ̀ wọn dípò kí a kàn ní kí olè máa lọ ní àlàáfíà. Ohun tí ó gba ọkùnrin New Hampshire láyè nìyí, àyẹ̀wò ìtọ̀ kò sì lè dí àyè náà.

Ẹ̀kẹfà, kí àpótí oògùn ìrora ní kọ́kọ́rọ́ méjì lọ́wọ́ ẹni méjì, kí a máa ka ohun tí ó wà nínú rẹ̀ nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ń pààrọ̀ ara wọn, kí a sì máa da èyí tí ó bá ṣẹ́ kù nínú abẹ́rẹ́ nù níṣojú ẹlẹ́rìí. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀.

Ẹ̀keje, èyí tí àwa fi ṣe pàtàkì jù, kí ọ̀nà àbájáde wà fún ẹni tí àyẹ̀wò bá mú. Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra. Àánú lásán kọ́ ni ó mú wa sọ bẹ́ẹ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2008 tọ ipasẹ̀ àwọn dókítà 904 ní ìpínlẹ̀ 16 ní Amẹ́ríkà, tí ọtí tàbí oògùn ti mú, tí wọ́n sì wọ ètò ìtọ́jú tí ó ní àyẹ̀wò lemọ́lemọ́ nínú. Nínú àwọn 802 tí wọ́n rí àbọ̀ wọn lẹ́yìn ọdún márùn-ún, 631 ni ó ṣì ní ìwé àṣẹ tí ó sì ń ṣiṣẹ́ dókítà. Wọ́n wò wọ́n sàn, wọ́n sì ń ṣọ́ wọn. Ní ilẹ̀ tí àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì ti ń ṣí lọ sí Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà lọ́dọọdún, tani àwa tí a ó fi máa da àwọn tí a lè wò sàn nù? Òfin Ìlera Ọpọlọ tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 ti là á sílẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ni ọ̀rọ̀ bárakú oògùn jẹ́ pẹ̀lú. Kí a lo òfin náà. Ẹni tí kò bá yege lónìí, kí a má gbà á síṣẹ́ lónìí. Ṣùgbọ́n kí a sọ ibi tí yóò lọ fún ìtọ́jú fún un, àti ìgbà tí ó lè padà wá. Ẹni tí ó bá jí oògùn aláìsàn, tí ó sì fi omi rọ́pò rẹ̀, ọ̀ràn tirẹ̀ yàtọ̀. Ìka tí ó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí kàn ju bí ẹ ti rò lọ. Ìjọba ìpínlẹ̀ ni ó ń gba àwọn òṣìṣẹ́ sí àwọn ọsibítù ìpínlẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ ni ó sì sún mọ́ àwọn ilé ìtọ́jú abúlé. Ẹ̀yin ni ẹ ń yan àwọn aṣòfin, ẹ̀yin náà ni ẹ sì máa ń mú ìwé ìbẹ̀bẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì wọn nígbà tí iṣẹ́ bá yọ. A bẹ̀ yín, ẹ má ṣe mú ìwé ìbẹ̀bẹ̀ lọ nítorí àyẹ̀wò tí ènìyàn yín kò yege. Ẹni tí ẹ bá bá bẹ̀bẹ̀ wọlé lè jẹ́ ẹni tí yóò dúró ti ìyá yín ní ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ẹgbẹ́ tí ó wà lórí oyè, ẹgbẹ́ yòówù kí ó jẹ́, sọ àyẹ̀wò di ọ̀nà láti fi lé ẹni tí kò dìbò fún un. Irin iṣẹ́ tí a fi ń ṣọ́ aláìsàn kò gbọdọ̀ di ohun ìjà ìdìbò.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọwọ́ yín ni àwọn tí yóò di nọ́ọ̀sì ní ọdún mẹ́wàá òní wà lónìí. Ẹ̀yin ni ẹ ń rí ọmọ tí oorun ń kùn ní kíláàsì tí kì í ṣe oorun lásán, ẹ̀yin ni ẹ sì lè sọ fún wọn pé oògùn tí ó ń wo ènìyàn sàn ní ọwọ́ kan ni ó ń pa ènìyàn ní ọwọ́ kejì. Ẹ wo ọ̀ràn yìí bí ọ̀ràn ara yín pẹ̀lú. Ìlànà tí a bá fi lélẹ̀ fún nọ́ọ̀sì lónìí ni wọn yóò mú wá fún olùkọ́ lọ́la. Bí ó bá jẹ́ ìlànà òdodo, ẹ kò ní bẹ̀rù rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ ìlànà wọ́bìà, ìsinsìnyí ni kí ẹ sọ̀rọ̀, kí ó tó kan ilẹ̀kùn yín.

Àwa kò béèrè pé kí ilé ìwòsàn wa kún fún àwọn ańgẹ́lì. Ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni wọ́n, iṣẹ́ wọn pọ̀, owó wọn kò sì tó. Ohun tí a ń béèrè ni pé kí ẹni tí ó mú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ jẹ́ ẹni tí a ti wádìí rẹ̀ pẹ̀lú òtítọ́, kí oògùn tí ó wà nínú abẹ́rẹ́ náà jẹ́ oògùn aláìsàn, àti pé kí ẹni tí ó bá ṣubú nínú wọn rí ẹni tí yóò gbé e dìde. Kí àwọn ilé aṣòfin wa jókòó lé e lórí, kí wọ́n pe àwọn dókítà, àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn apòògùn wá sọ ti ẹnu wọn, kí wọ́n sì ṣe òfin tí ó mọ́gbọ́n dání. Kí wọ́n ṣe é kí Exeter tiwa tó ṣẹlẹ̀, nítorí aláìsàn tí ó wà lórí ibùsùn kò lè dìde lọ yẹ abẹ́rẹ́ wò fúnra rẹ̀.